Nígbà tí Bouaké Fi Tẹlifíṣọ̀n Ṣe Tíṣà

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1971, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé ní Côte d'Ivoire, àwọn ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìn-ín-ní bá ohun kan níwájú kíláàsì tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn kò bá níbẹ̀: tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe ti eré, kì í sì í ṣe ti ìròyìn. Tíṣà tan ẹ̀rọ náà, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tó wà nínú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ní èdè Faransé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ ohunkóhun nínú ohun tó ń sọ. Nítorí àìgbọ́ yẹn gan-an ni ìjọba ṣe gbé ẹ̀rọ náà wá.

Kíláàsì tó lé ní 400 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ inú wọn sì tó bíi 20,000. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, tẹlifíṣọ̀n ti wọ kíláàsì èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Abidjan ni ìjọba fìdí sí nígbà náà, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti wà, ibẹ̀ náà ni ènìyàn ì bá rò pé wọn yóò ti máa ṣe àwọn ẹ̀kọ́ náà. Bouaké ni wọ́n gbé e lọ.

Àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà ni Bouaké wà, ní ilẹ̀ àwọn Baule, òun ló sì tẹ̀ lé Abidjan ní títóbi. Reluwé tó gbéra láti etí òkun dé ibẹ̀ ní ọdún 1912. Lẹ́yìn náà ni ará Faransé kan tó ń jẹ́ Gonfreville dá ilé iṣẹ́ ìhunṣọ sílẹ̀ níbẹ̀, ọjà ìlú náà sì di èyí tí ará gbogbo ilẹ̀ ń ná. Àwọn Jùlá sọ̀ kalẹ̀ láti àríwá, àwọn Mossi wá láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Burkina Faso lónìí, àwọn oníṣòwò Yorùbá náà kò sì gbẹ́yìn. Ní Ẹ̀jìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, agboolé tí kò ní ẹbí kankan ní Côte d'Ivoire ṣọ̀wọ́n. Ànàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, yálà Ẹ̀jìgbò ni wọ́n ti wá ni o, yálà Ògbómọ̀ṣọ́.

Nítorí náà, ọmọ tí wọ́n bí sí Mamini tàbí sí ibòmíràn ní agbègbè Bouaké lè máa gbọ́ Baule nílé, kí ó máa gbọ́ Jùlá lọ́jà. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Ànàgó, Yorùbá tún wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi ń bá a wí. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó gbọ́ èdè méjì tàbí mẹ́ta! Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ẹsẹ̀ bọ ẹnu ọ̀nà kíláàsì báyìí, ó di odi. Èdè tó lé ní 60 ni wọ́n ń sọ ní Côte d'Ivoire, Faransé nìkan ṣoṣo ni ilé-ẹ̀kọ́ sì mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é láti ayé àwọn òyìnbó. Nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní «symbole»: ó lè jẹ́ pákó, ó lè jẹ́ egungun, ó lè jẹ́ páànù àtijọ́ kan. Ọrùn ọmọ tí wọ́n bá gbọ́ tó sọ èdè ilé rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi kọ́, kò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi tí òun náà bá ká ọmọ mìíràn mọ́ ibi tó ti ń sọ tirẹ̀. Ẹni tó bá sì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá jáde, ó jẹ ìyà. Kí ọmọ Nàìjíríà má ṣe fi èyí rẹ́rìn-ín o. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ló ti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá nítorí pé ó sọ Yorùbá.

Nígbà tí Côte d'Ivoire gba òmìnira ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, tíṣà kò tó, ilé-ẹ̀kọ́ kò kárí, àwọn tó sì ráyè wọlé ń tún kíláàsì kan náà ṣe lọ́dọọdún bí ẹni pé ìjìyà ni. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ni pé ọmọ tó bá tún kíláàsì ṣe lẹ́ẹ̀mejì, owó ọmọ mẹ́ta ni ìjọba ná lé e lórí ní kíláàsì yẹn. Kò sì pẹ́ tí wọ́n fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Ọmọ tó ń fìdí rẹmi nínú ìṣirò kì í sábà jẹ́ ẹni tí ìṣirò ń dààmú, àìgbọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ìṣirò ló ń dà á láàmú. Àwọn tíṣà mìíràn gan-an, Faransé wọn kò jinlẹ̀.

Félix Houphouët-Boigny, ààrẹ orílẹ̀-èdè náà, fẹ́ kí gbogbo ọmọ wọ ilé-ẹ̀kọ́ kí àwọn ọdún 1980 tó parí, kò sì fẹ́ dúró de ìgbà tí tíṣà yóò tó. Láti ọdún 1968 ni wọ́n ti ń jíròrò ètò náà. Tẹlifíṣọ̀n ti dé orílẹ̀-èdè náà láti ọdún 1963, ariwo rẹ̀ sì ń lọ káàkiri ayé nígbà náà pé òun ni yóò gba àwọn orílẹ̀-èdè tálákà là. Ní erékùṣù Samoa tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún 1964. Ní Niger tó wà nítòsí, Max Egly, ará Faransé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi tẹlifíṣọ̀n kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Faransé ní Niamey ní àárín àwọn ọdún 1960, pẹ̀lú àwọn olùrànlọ́wọ́ tí kì í ṣe tíṣà gidi. El Salvador bọ́ sí i ní ọdún 1969.

Ká má gbàgbé Ìbàdàn. WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, máa ń pe ara rẹ̀ ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, ẹ̀kọ́ sì wà lára ohun tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ní òun fẹ́ fi í ṣe. Wọ́n ní ìdí. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ti mú kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn fò láti bíi 457,000 sí bíi 811,000 lẹ́ẹ̀kan náà, tíṣà kò sì lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan. Àmọ́ ní Ìbàdàn, ẹ̀kọ́ orí tẹlifíṣọ̀n kò ju ìrànlọ́wọ́ lọ fún ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ní ẹ̀rọ. Ohun tí Côte d'Ivoire fẹ́ ṣe yàtọ̀. Wọ́n fẹ́ gbé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà, lé ẹ̀rọ náà lórí.

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ìjọba Faransé mú owó àti ènìyàn wá, UNESCO mú ìmọ̀ràn wá, Báńkì Àgbáyé, Kánádà àti Amẹ́ríkà náà dá sí i. Ní Bouaké, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Complexe télévisuel. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ẹ̀kọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya á sórí fíìmù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ìwé àwọn ọmọ àti àwọn ìwé ìtọ́nisọ́nà tí tíṣà yóò máa wò láti mọ ohun tí yóò ṣe kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí. Àwọn olùkọ́, àwọn tó ń ya fíìmù, àwọn ayàwòrán, àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn ẹlẹ́rọ ń jáde wọlé níbẹ̀, àwọn ará Faransé sì pọ̀ nínú wọn débi pé àwọn alátakò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ni ó ń kọ́ ọmọ wa gan-an.

Iṣẹ́ kékeré kọ́ láti gbé tẹlifíṣọ̀n dé abúlé ní ọdún 1971. Iná kò sí ní ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Bátìrì ni wọ́n ń lò, àwọn bátìrì wíwúwo tí wọ́n tò pọ̀ sínú àpótí, tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbé wá, tí ọkọ̀ tún gbọ́dọ̀ padà wá pààrọ̀ nígbà tí wọ́n bá kú. Eríà gbọ́dọ̀ ga ju igi lọ. Ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́, ẹlẹ́rọ ni yóò ti ìlú wá tún un ṣe. Bí òjò bá sì ti ba ọ̀nà jẹ́, àwọn ọmọ á jókòó níwájú gíláàsì dúdú títí ẹlẹ́rọ yóò fi ráyè dé. Nínú gbogbo ìtàn ẹ̀rọ inú kíláàsì ní Áfíríkà, bátìrì àti ọ̀nà ló yẹ kí wọ́n kọ ìwé lé lórí jù, àmọ́ àwọn òǹkọ̀wé kì í bìkítà fún wọn.

Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kò gùn, bíi ìṣẹ́jú 15 ni. Àwòrán á fara hàn, ohùn á dárúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ á tún un pè. Eré kékeré á tẹ̀ lé e, tàbí orin, tàbí ìtàn àwọn ọmọ kan tí wọ́n jọ ọmọ ibẹ̀ ní àwọ̀ àti ní aṣọ. Nǹkan ńlá ni èyí nígbà náà. Ìwé tí àwọn bàbá wọn kà, yìnyín àti àjàrà ló kún inú rẹ̀. Tí ohùn inú ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, tíṣà á wá gba iṣẹ́: á mú àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, á mú wọn ṣe eré tí wọ́n rí, á kọ́ wọn ní kíkà. Èrò àwọn tó dá ètò náà sílẹ̀ ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́, kí ó sọ, kí ó tó kàn án láti kọ. Kò yàtọ̀ sí bí gbogbo ènìyàn ṣe kọ́ èdè ìyá rẹ̀.

Ó sì ṣiṣẹ́ dé àyè kan. Àwọn tó ṣe àyẹ̀wò rí i pé ọmọ tẹlifíṣọ̀n, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n, kì í bẹ̀rù láti la ẹnu. Níbi tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ ti máa ń wolẹ̀ tí àlejò bá kí i ní Faransé, ọmọ tẹlifíṣọ̀n á dáhùn, á sì tún béèrè ìbéèrè. Òbí rí i, ó dùn mọ́ wọn. Àmọ́ nígbà tí ọmọ náà gbé ìwé wálé, tí àwọn tó mọ̀wé nínú ìdílé wo bí ó ṣe kọ ọ̀rọ̀, inú wọn bàjẹ́. Faransé jẹ́ èdè tí ohun tí a gbọ́ nínú rẹ̀ àti ohun tí a kọ kì í dọ́gba. Ọmọ tó fi etí kọ́ ọ kọ ọ́ bí etí ṣe gbọ́ ọ. Ìdánwò tí yóò gbé e wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ìwé kíkọ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn kì í béèrè bí ó ṣe lè sọ̀rọ̀ tó. Àwọn àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1971 dé kíláàsì kẹfà ní ọdún ẹ̀kọ́ 1976 sí 1977, láti ìgbà náà lọ ni ẹ̀sùn àwọn tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ girama bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀.

Ọmọ tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fọ́n káàkiri láti òpó tẹlifíṣọ̀n kan kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Agogo kan náà ló ń dé etí ọmọ Abidjan àti ọmọ abúlé, bóyá ti àná yé e tàbí kò yé e. Tíṣà kò lè dá a padà sẹ́yìn, kò lè ní kó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tó wà ní ẹ̀yìn kíláàsì tí ọmọ bíi 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kún, kò rí ju ìmọ́lẹ̀ tó ń mì lọ. Ọmọ tí etí rẹ̀ wúwo kò gbọ́ ìró tó yẹ kó tún pè. Lórí gbogbo èyí, nítorí pé wọ́n fẹ́ fòpin sí títún kíláàsì ṣe, gbogbo ọmọ ni wọ́n ń gbé lọ sí kíláàsì tó kàn bí ọdún bá parí. Lórí ìwé ìṣirò ìjọba, ìṣòro náà ti tán. Nínú kíláàsì, ọmọ tó sọnù ní kíláàsì kejì á ṣì wà ní kíláàsì karùn-ún, á jókòó, á máa wo àwòrán.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní alẹ́. Láàárín àwọn ọdún 1970 kan náà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn tẹlifíṣọ̀n ilé-ẹ̀kọ́ yìí fún àwọn àgbà. Télé pour tous ni wọ́n pe ètò náà. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, àwọn ará abúlé á kó ara wọn jọ sí kíláàsì, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọ, wọn á wo ètò nípa omi mímu, ìlera, iṣẹ́ oko àti owó. Faransé ni ètò náà, nítorí náà tíṣà á dìde lẹ́yìn tó bá parí, á túmọ̀ rẹ̀ sí èdè abúlé, ìjíròrò á sì bẹ̀rẹ̀. Frans Lenglet, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣèwádìí lórí ètò náà, kọ̀wé nípa àwọn ìpàdé alẹ́ yìí àti ipa tí tíṣà ń kó nínú wọn. Tíṣà kan náà, ẹ̀rọ kan náà, yàrá kan náà. Lálẹ́, wọ́n gbà pé àgbàlagbà kò lè lóye ohun tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ní kó lóye rẹ̀ láìsí ògbufọ̀.

Ní àkókò yẹn gan-an, wọ́n ń gbìyànjú ohun tó yàtọ̀ pátápátá ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ gba owó ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ Ford Foundation, wọ́n sì mú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's «A» ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Ìlànà tó wà tẹ́lẹ̀ ni pé kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n wá yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ Fáfúnwá ní rárá, ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọn yóò fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ, Gẹ̀ẹ́sì yóò sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ yòókù, tí tíṣà tó gbó nínú rẹ̀ yóò máa kọ́ wọn. Ẹ̀rọ kankan kò sí níbẹ̀. Ìwé tuntun ni wọ́n kọ, ọ̀rọ̀ tuntun ni wọ́n wá fún ohun tí sáyẹ́ǹsì ń sọ, wọ́n sì fi kíláàsì mìíràn tó ń bá ìlànà àtijọ́ lọ ṣe òṣùwọ̀n. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà yìí kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an, èyí tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù pé wọn yóò pàdánù, wọ́n dúró dáadáa.

Kì í ṣe pé kí a wá fi Ifẹ̀ gún Bouaké lójú. Ó rọrùn fún Ifẹ̀: gbogbo ọmọ inú kíláàsì ló gbọ́ Yorùbá, ìwé Yorùbá sì ti wà láti ayé Crowther títí dé Aláwíyé J. F. Ọdúnjọ. Ta ni yóò kọ ìwé ìṣirò ní 60 èdè? Ìbéèrè tí àwọn ará Abidjan máa ń bi alátakò wọn nìyẹn, ìbéèrè gidi sì ni. Síbẹ̀, owó tó wọ inú fíìmù àti bátìrì pọ̀ tó láti dán èdè bíi mélòó kan wò, Baule tó yí ilé iṣẹ́ náà ká ní Bouaké ì bá sì ṣe é bẹ̀rẹ̀. Wọn kò gbìyànjú rẹ̀. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹnu tí ọmọ gbé wá láti ilé, òfìfo ni.

Ẹnìkan wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nígbà náà tí kò gba irú ìyẹn gbọ́, nítorí pé wọ́n ti wo òun náà bí òfìfo rí. Andrew Foster, ọmọ Alabama ní Amẹ́ríkà, di adití ní ọmọ ọdún 11 nígbà tí àìsàn yírunyírun kọ lù ú. Ní ọdún 1954 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè jáde ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Ní 1957 ó dé Ghana, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀. Ní 1960 ó bẹ̀rẹ̀ ti Ìbàdàn. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, ó sì bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ adití ní Abidjan ní 1974, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n Bouaké wà ní ọdún kẹta rẹ̀. Kí ó tó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Rwanda ní oṣù kejìlá ọdún 1987, ilé-ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ ti lé ní 30, ní orílẹ̀-èdè 13.

Ọ̀nà Foster tako ti Bouaké láti ìdí. Ó kọ́kọ́ fún ọmọ ní èdè tí ọmọ náà lè gbà, èdè àmì tí wọ́n ń fi ọwọ́ sọ, kó tó wá fi èdè náà gbé Faransé inú ìwé wá bá a. Ó ń pe àwọn adití tó ti mọ̀wé jọ lọ́dọọdún, ó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ tíṣà, ó sì ń rán wọn padà sí ìlú wọn. Ohun èlò rẹ̀ kò ju ọwọ́, àwòrán àti pátákó lọ. Èdè àmì tó kó wá láti Amẹ́ríkà ti gbilẹ̀ débi pé àwọn onímọ̀ èdè kan ń ráhùn lónìí pé ó fẹ́ bo èdè àmì tí àwọn adití abúlé ti ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìwọ̀nyẹn náà ní ẹjọ́ tiwọn.

Ìgbẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n Bouaké kò ní ariwo púpọ̀. Nígbà tí iye owó kòkó àti kọfí gòkè ní 1976 àti 1977, kò sí ohun tí ìjọba kò lè san. Nígbà tó já wálẹ̀, gbèsè bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan ọrùn, àwọn olówó àjèjì tó ti ṣèlérí sì ti ń fà sẹ́yìn. Ètò bíi èyí, owó rẹ̀ kì í dín kù bí a ṣe fẹ́: bí ọmọ kan ló ń wo tàbí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, òpó gbọ́dọ̀ tàn, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ya fíìmù, bátìrì gbọ́dọ̀ dé. Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà bíi Steven Klees ti ṣe ìṣirò owó náà ní àwọn ọdún 1970. Àwọn tíṣà kò fẹ́ràn ẹ̀rọ tó sọ wọ́n di ọmọ iṣẹ́. Àwọn òbí ń bẹ̀rù ìdánwò. Ní ọdún 1982 ó parí. Paul Désalmand, ọmọ Faransé tó kọ ìtàn ẹ̀kọ́ ní Côte d'Ivoire, kọ àpilẹ̀kọ kan nípa rẹ̀ ní 1986, ó sì pe àkọlé rẹ̀ ní «Une aventure ambiguë». Ọ̀dọ̀ ìwé ìtàn Cheikh Hamidou Kane ti 1961 ni ó ti yá àkọlé náà, ìwé nípa ọmọkùnrin kan ní Sẹ̀nẹ̀gà tí ilé-kéwú àti ilé-ẹ̀kọ́ Faransé jọ ń fà ya.

Ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ kò pọ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà tuntun, CAFOP, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà àtúnṣe yẹn, ṣì wà títí dòní. Òfin kan tún wà. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì wà lórí oyè, ní oṣù kẹjọ ọdún 1977, orílẹ̀-èdè náà ṣe òfin àtúnṣe ẹ̀kọ́ tó gba àwọn èdè ìbílẹ̀ láyè, tó sì gbé iṣẹ́ ìmúrasílẹ̀ wọn lé ilé ìmọ̀ èdè, Institut de Linguistique Appliquée, lọ́wọ́ ní Abidjan. Kò sí ohun púpọ̀ tó tẹ̀ lé e fún ọdún tó lé ní 20. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni ètò tí wọ́n ń pè ní Projet École Intégrée tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè mẹ́wàá kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ díẹ̀. Baule wà nínú wọn.

Ogun ló sì pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, àwọn ológun ọlọ̀tẹ̀ dìde, Bouaké sì di olú ìlú wọn. Àwọn tíṣà ìjọba sá lọ sí gúúsù, yunifásítì ìlú náà kó lọ sí Abidjan, wọn kò sì padà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún ló ń kọ́ àwọn ọmọ nínú kíláàsì tí ó ṣẹ́ kù, ẹfun àti ohùn wọn nìkan ni wọ́n ní. Ìlú tí ẹ̀kọ́ orí tẹlifíṣọ̀n ti ń jáde lọ sí gbogbo orílẹ̀-èdè rí ni.

Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa, tẹlifíṣọ̀n tún dé. Ìjọba gbé ètò «Mon école à la maison» jáde, ẹ̀kọ́ sì tún ń bọ̀ láti orí RTI, tẹlifíṣọ̀n ìjọba, sí pálọ̀. Faransé ni, agogo kan náà fún gbogbo ọmọ. Àwọn tó ti dàgbà tó láti rántí 1971 ti ní ọmọ-ọmọ tó ń wò ó.

Ohun tó yàtọ̀ gidi ní àwọn ọdún yìí wá láti inú ohun tó kéré ju tẹlifíṣọ̀n lọ. Ní nǹkan bí ọdún 2018, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Côte d'Ivoire dán ètò kan wò ní àwọn abúlé tí wọ́n ti ń gbin kòkó. Allô Alphabet ni wọ́n pè é. Kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì béèrè fóònù olówó ńlá. Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì tí àgbẹ̀ ń lò tó. Ọmọ á pè, ohùn á dá a lóhùn, á ní kó gbọ́ ìró inú ọ̀rọ̀ Faransé, á bi í léèrè, ọmọ á sì fi bọ́tìnnì dáhùn. Tó bá ṣì í, ohùn náà á tún un ṣe fún un. Tó bá fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò sí ọmọ mìíràn tó ń dúró, kò sí ẹ̀kọ́ orí òpó kan tó ń sáré lọ.

Èdè tó ń sọ ṣì ni Faransé. Àwọn olùwádìí náà rí i pé ilé ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù: fóònù jẹ́ ti bàbá, bàbá sì ń gbé e lọ sóko, ìyá tí kò mọ̀wé rárá ló ń jókòó ti ọmọ kó má bàa sá lọ ṣeré, ẹ̀gbọ́n tó ti ka ìwé díẹ̀ ló ń ṣàlàyé ohun tí ohùn náà ń béèrè. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní 2019.